James Stevenson-Hamilton

James Stevenson-Hamilton (ọjọ́ kejì, oṣù Kẹwàá, ọdún 1867 – ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kejìlá, ọdún 1957) jẹ́ ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òǹkọ̀wé àti olùtọ́jú ẹranko ìgbẹ́. Òun ni ọ̀gá àkọ́kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn láti máa ṣàkóso igbó ọba Sabi, èyí tó di Ọgbà Ẹranko Orílẹ̀-èdè Kruger ní Gúúsù Áfríkà lẹ́yìn náà. Ọdún 1902 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ọdún 1946 ni ó sì fẹ̀yìn tì. Yàtọ̀ sí àwọn ọdún tí Ogun Àgbáyé Kìíní gbé e kúrò níbẹ̀, inú igbó yìí ni ó ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀.

Àwọn Tsonga tó ń gbé agbègbè náà sọ ọ́ ní Skukuza. Àwọn kan túmọ̀ orúkọ yìí sí ẹni tó gbá ilẹ̀ mọ́ féfé, àwọn mìíràn sì túmọ̀ rẹ̀ sí ẹni tó dojú ohun gbogbo rú. Lóde òní, Skukuza ni orúkọ ibùdó tó tóbi jù lọ nínú ọgbà ẹranko náà, ibẹ̀ sì ni ọ́fíìsì àgbà àwọn alákòóso rẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò afẹ́ tó ń sùn síbẹ̀ ni kò mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni, tàbí ìdí tí àwọn ará ibẹ̀ fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà èwe àti iṣẹ́ ológun

Ìlú Dublin ní ilẹ̀ Áílándì ni wọ́n bí Stevenson-Hamilton sí, ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ Scotland ni àwọn ènìyàn rẹ̀. Ológun ni bàbá rẹ̀. Ìdílé ìyá rẹ̀ ló ni ilẹ̀ àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní Fairholm, ní agbègbè Lanarkshire. Ó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ Rugby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn èyí ni ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun ní Sandhurst. Ní ọdún 1888, ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin tí wọ́n ń pè ní Inniskilling Dragoons, wọ́n sì rán an lọ sí Natal ní Gúúsù Áfríkà. Ìgbà náà ni ó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfríkà.

Ní ọdún 1898, ó dara pọ̀ mọ́ ìrìn-àjò ìwádìí kan tí Ọ̀gágun St. Hill Gibbons darí gba ojú odò Zambezi lọ sí ilẹ̀ Barotse, tó wà ní orílẹ̀-èdè Zambia òde òní. Nínú ìrìn-àjò yìí ni ìfẹ́ aginjù àti ẹranko inú rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára. Ọdẹ ni òun náà nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláwọ̀ funfun tó padà di olùtọ́jú ẹranko ṣe jẹ́ ọdẹ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Boer ní ọdún 1899, ó padà sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀, ó sì jagun títí tí ogun náà fi parí ní oṣù Karùn-ún ọdún 1902.

Igbó ọba Sabi kí ó tó dé

Paul Kruger, ààrẹ orílẹ̀-èdè olómìnira àwọn Boer ní Transvaal, ni ó fọwọ́ sí ìkéde tó dá igbó ọba Sabi sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, ọdún 1898. Ilẹ̀ tó wà láàárín odò Sabi àti odò Crocodile ni ìkéde náà kàn, ní ìlà-oòrùn Transvaal, lẹ́bàá ààlà Mozambique. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, oòrùn ibẹ̀ mú, ibà sì pọ̀ níbẹ̀ nígbà òjò, ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun kò fi tètè tẹ̀dó síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹran kò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́ kù nínú igbó náà. Láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn ni àwọn ọdẹ aláwọ̀ funfun ti ń pa erin nítorí eyín rẹ̀, tí wọ́n sì ń pa àwọn ẹran mìíràn nítorí awọ. Wọ́n ti pa àgbáǹréré funfun run pátápátá ní agbègbè náà, wọn kò sì rí i níbẹ̀ mọ́ títí di ọdún 1961, nígbà tí wọ́n kó àwọn mìíràn wá láti Natal. Ní ọdún 1896, àjàkálẹ̀ àrùn tó ń pa màlúù, tí wọ́n ń pè ní rinderpest, jà dé ibẹ̀, ó sì pa efọ̀n àti àwọn ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin mìíràn lọ rẹpẹtẹ. Lẹ́yìn èyí ni ogun dé. Àwọn ọmọ ogun tó pàgọ́ sí agbègbè náà ń pa ẹran jẹ, ìkéde Kruger sì di ọ̀rọ̀ orí ìwé lásán.

Ìyànsípò ní ọdún 1902

Nígbà tí ogun parí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gba Transvaal pinnu láti jí igbó ọba náà dìde. Sir Godfrey Lagden, tó jẹ́ kọmíṣọ́nà fún ọ̀ràn àwọn ọmọ onílẹ̀, ni ó gba Stevenson-Hamilton síṣẹ́ ní àárín ọdún 1902. Ọmọ ọdún 34 ni nígbà náà. Kò sí òfin kan pàtó tí wọ́n kọ fún un, kò sì sí àwòrán ilẹ̀ tó péye. Ohun tí a mọ̀ ni pé Lagden fi yé e pé kí ó má ṣe bẹ̀rù láti di ẹni tí gbogbo ènìyàn kórìíra. Iṣẹ́ ọdún méjì ni ó rò pé òun gbà.

Kò pẹ́ tí ó fi fi ibùdó rẹ̀ sí Sabi Bridge, níbi tí ojú irin ti dá odò Sabi kọjá. Ilé ẹ̀ṣọ́ tí àwọn ọmọ ogun kọ́ nígbà ogun ni ó kọ́kọ́ fi ṣe ibùgbé. Ó gba àwọn aláwọ̀ funfun díẹ̀ síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí olórí ẹ̀ṣọ́ igbó. Ó sì gba àwọn ọmọ onílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọlọ́pàá igbó. Àwọn ọlọ́pàá wọ̀nyí ni wọ́n mọ ọ̀nà, tí wọ́n mọ ipa ẹsẹ̀ ẹran, tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ rin igbó náà lójoojúmọ́. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn kò hàn púpọ̀ nínú ìwé ìtàn, àwọn ni iṣẹ́ náà dúró lé lórí.

Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn olórí ẹ̀ṣọ́ náà ni Harry Wolhuter. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903, nígbà tí ó ń gun ẹṣin lọ ní alẹ́, kìnnìún kan fò mọ́ ọn. Ó gbá a ní èjìká ọ̀tún mú, ó sì ń wọ́ ọ lọ nílẹ̀. Wolhuter fi ọwọ́ òsì fa ọ̀bẹ yọ, ó gún kìnnìún náà títí tó fi jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì gun igi lọ láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là. Ọ̀bẹ náà àti awọ kìnnìún náà wà ní Skukuza títí di òní, níbi tí àwọn àlejò ti lè wò wọ́n.

Láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àkóso Stevenson-Hamilton fẹ̀ sí i lọ́nà tó yani lẹ́nu. Ó bá àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni ilẹ̀ ní àríwá odò Sabi ṣe àdéhùn, wọ́n sì gbà kí ó máa ṣọ́ ẹran inú ilẹ̀ wọn. Ní ọdún 1903 kan náà, ìjọba dá igbó ọba mìíràn sílẹ̀ ní Shingwedzi, tó nà dé ẹ̀gbẹ́ odò Limpopo, wọ́n sì fi èyí náà sí abẹ́ rẹ̀. Kò ṣe ojúsàájú nínú mímú òfin ṣẹ láàárín àwọn aláwọ̀ funfun: nígbà tí àwọn ọlọ́pàá aláwọ̀ funfun kan pa ẹran nínú igbó náà, ilé ẹjọ́ ni ó gbé wọn lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí sọ ọ́ di ọ̀tá ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Àwọn tó ń gbé inú igbó náà

Ilẹ̀ tí wọ́n pè ní igbó ọba kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní ènìyàn. Àwọn Tsonga, àwọn Swazi àti àwọn mìíràn ní abúlé, oko àti ibojì àwọn baba ńlá wọn níbẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn ohun tí Stevenson-Hamilton kọ́kọ́ ṣe ni láti kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyí kúrò ní ìpínlẹ̀ igbó ọba Sabi, nítorí ó gbà pé ènìyàn àti ẹran kò lè jọ gbé ibẹ̀ kí ẹran sì pọ̀ sí i. Ibi tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn gbà pé orúkọ Skukuza ti wá nìyí. Bí ẹnìkan bá wò ó láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ó gbá igbó náà mọ́. Ẹni tí wọ́n kó kúrò ní ilé rẹ̀ ni yóò sọ pé ó dojú ayé òun rú.

Ìdẹ pípa di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹni tó ti ń fi okùn àti tàkúté pa ẹran jẹ láti ìgbà bàbá rẹ̀ di arúfin lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọdẹ aláwọ̀ funfun, tí ìbọn wọn ló fa àìtó ẹran, ti kó eyín erin àti awọ wọn lọ. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, èrò Stevenson-Hamilton yí padà díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn olùgbé. Ó rí i pé igbó náà nílò òṣìṣẹ́ àti owó, ó sì jẹ́ kí àwọn kan máa gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti máa san owó ilẹ̀ tàbí kí wọ́n fi iṣẹ́ dípò rẹ̀. Bákan náà ni wọ́n máa ń mú àwọn tó bá gba inú igbó náà kọjá láti Mozambique láìgba ìwé àṣẹ, tí wọ́n á sì fi wọ́n ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó fún wọn láyè láti lọ.

Kìnnìún àti àwọn ẹran apẹran-jẹ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, Stevenson-Hamilton gbà pẹ̀lú èrò tó wọ́pọ̀ nígbà náà pé ẹran rere ni àgbọ̀nrín, àgùnfọn àti efọ̀n, àti pé ẹran búburú ni àwọn tó ń pa wọ́n jẹ. Nítorí náà, òun àti àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ń pa kìnnìún, ẹkùn, ajá ìgbẹ́ àti ọ̀nì, kí àwọn ẹran tó ń jẹ koríko lè rí àyè bí sí i.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí yí èrò yìí padà. Ó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀ nínú ìwé ìrántí rẹ̀, ó sì wá gbà pé ẹran apẹran-jẹ ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú igbó, àti pé bí ènìyàn bá fi àwọn ẹran sílẹ̀, wọn yóò wà ní ìwọ̀n láàárín ara wọn. Ní ọdún 1912, ó tẹ ìwé ńlá kan jáde, Animal Life in Africa. Theodore Roosevelt, tó ti jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà rí, ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Ìwé náà sọ ọ́ di ẹni tí àwọn onímọ̀ ẹranko ní òkè òkun mọ̀.

Ìjàkadì láti sọ igbó ọba di ọgbà orílẹ̀-èdè

Ìṣòro tó ga jù tó dojú kọ Stevenson-Hamilton kò ti ọwọ́ àwọn ọdẹ ìkọ̀kọ̀ wá. Bí ìjọba ṣe dá igbó ọba sílẹ̀ ni ó ṣe lè pa á rẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì fẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́. Àwọn olùsìn àgùntàn ń fẹ́ koríko rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn tó ń wa èédú ń fẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni ilẹ̀ níbẹ̀ fẹ́ tà á fún àwọn àgbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ìtòsí sì ń ráhùn pé ibi tí kìnnìún ti ń bí ọmọ ni ìjọba sọ igbó náà dà.

Ní ọdún 1916, ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ìgbìmọ̀ yìí dábàá ní ọdún 1918 pé kí wọ́n sọ igbó náà di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè tí gbogbo ará ìlú yóò lè máa lọ wò. Ojú ogun ni Stevenson-Hamilton wà ní gbogbo àkókò yìí. Ó jagun ní Gallipoli, ó wà ní Íjíbítì, lẹ́yìn náà ni ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Sudan. Nígbà tí ó padà dé ní ọdún 1920, ó rí i pé àbá ìgbìmọ̀ náà ṣì wà nínú ìwé, kò sì tíì sí òfin tó gbè é lẹ́yìn.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ní ọdún 1923, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Gúúsù Áfríkà bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò afẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án káàkiri ìlà-oòrùn Transvaal. Ọkọ̀ náà ń gba inú igbó Sabi kọjá, nítorí ojú irin Selati là á já. Àwọn aláṣẹ ọkọ̀ ojú irin kò ka igbó náà sí nǹkan kan ní ìbẹ̀rẹ̀. Stevenson-Hamilton ni ó bẹ̀ wọ́n pé kí ọkọ̀ dúró díẹ̀, kí ẹ̀ṣọ́ kan mú àwọn èrò wọ inú igbó fún ìwọ̀nba àkókò, kí wọ́n sì dá iná ní alẹ́ kí wọ́n jókòó yí i ká. Láìpẹ́, ìdúró kékeré yìí ni ó di ohun tí àwọn èrò ń fẹ́ jù nínú ìrìn-àjò náà.

Láti ìgbà náà ni ó ti dá a lójú pé ìbọn ẹ̀ṣọ́ nìkan kò lè gba igbó náà là. Àfi tí àwọn ará ìlú bá wá wo ẹran pẹ̀lú ojú ara wọn ni wọn yóò fi kà á sí tiwọn, ìgbà yẹn ni yóò sì ṣòro fún olóṣèlú láti fà á lé àwọn olùsìn àgùntàn lọ́wọ́. Ó kọ àròkọ sínú ìwé ìròyìn, ó bá àwọn olóṣèlú sọ̀rọ̀, ó sì rí alátìlẹ́yìn nínú Stratford Caldecott, ayàwòrán tó fi àwòrán àti àròkọ polongo igbó náà.

Ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀, Piet Grobler, ni ó gbé àbá òfin náà kalẹ̀. Wọ́n fi orúkọ Paul Kruger sọ ọgbà náà, nítorí orúkọ yìí lè mú kí àwọn Boer àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ohùn kan ti òfin náà lẹ́yìn. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún, ọdún 1926, òfin náà di ṣíṣe. Igbó Sabi àti igbó Shingwedzi di ọ̀kan ṣoṣo, ìjọba nìkan kò sì lè fi ìkéde lásán pa á rẹ́ mọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò afẹ́

Ní ọdún 1927, wọ́n ṣí ọ̀nà Pretoriuskop sílẹ̀ fún àwọn àlejò. Mọ́tò mẹ́ta péré ni ó wọlé ní ọdún náà. Ní ọdún 1928, mọ́tò 180 ni ó wọlé. Ní ọdún 1929, wọ́n ti di 850. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ ẹran wá di ẹni tó ń la ọ̀nà, tó ń kọ́ ilé alámọ̀ olórùlé koríko, tó sì ń wá àlejò tí mọ́tò rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀. Nítorí ibà àti òjò, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣí èyí tó pọ̀ jù nínú ọgbà náà.

Kíá ni wọ́n ṣàkíyèsí ohun kan tó ya àwọn ọdẹ lẹ́nu: ẹran kì í fi bẹ́ẹ̀ sá fún mọ́tò. Kìnnìún tó máa sá bí ó bá rí ènìyàn tó fi ẹsẹ̀ rìn a máa dùbúlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà bí mọ́tò ṣe ń kọjá. Lórí èyí ni òfin pé kí àlejò má ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò dúró lé, òfin tó ṣì wà ní ọ̀pọ̀ ọgbà ẹranko Áfríkà títí di òní. Kìnnìún tí wọ́n ń yìnbọn fún tẹ́lẹ̀ ni ó sì wá di ẹran tí gbogbo àlejò ń bèèrè.

Inú Stevenson-Hamilton kò fi gbogbo ìgbà dùn sí àwọn èrò tó ń pọ̀ sí i. Òun ni ó pè wọ́n wá, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ọgbà náà di ibi ìgbádùn tí ilé ìtura àti ariwo yóò kún. Ó ń takò wíwá ènìyàn láti máa ṣètò ẹran bí ẹran ọ̀sìn. Àwọn àlejò tí wọ́n ń pè wá náà kò dọ́gba. Lábẹ́ òfin ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà, àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n kọ́ àwọn ibùdó ńláńlá inú ọgbà náà fún. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà níbẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ju àlejò lọ.

Ìgbéyàwó, ìwé kíkọ àti ìgbẹ̀yìn ayé

Ní ọdún 1930, nígbà tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, Stevenson-Hamilton fẹ́ Hilda Cholmondeley, ayàwòrán tó kéré sí i lọ́jọ́ orí púpọ̀. Wọ́n bí ọmọ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọmọ wọn obìnrin àkọ́bí kú ní kékeré. Ìwé rẹ̀ The Low-Veld jáde ní ọdún 1929, South African Eden sì jáde ní ọdún 1937. Ìwé kejì yìí ni ó ti sọ ìtàn bí ọgbà náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1936, wọ́n yí orúkọ Sabi Bridge padà sí Skukuza láti bọlá fún un.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1946, ó fẹ̀yìn tì ní ẹni ọdún 78. Ó lọ gbé oko rẹ̀ lẹ́bàá White River, tí kò jìnnà sí ọgbà náà. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ẹni 90 ọdún. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú ní ọdún 1979, wọ́n da eérú àwọn méjèèjì sí orí òkè Shirimantanga, ní gúúsù Skukuza.

Ohun tó fi sílẹ̀

Ọgbà Ẹranko Orílẹ̀-èdè Kruger fẹ̀ tó nǹkan bí 19,500 kìlómítà onígun mẹ́rin, ó sì wà lára àwọn ọgbà ẹranko tí a mọ̀ jù ní Áfríkà. Erin, tí kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ nígbà tí Stevenson-Hamilton dé ibẹ̀, ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ilé ìkàwé tó wà ní Skukuza ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn kò parí nígbà ayé rẹ̀. Ní ọdún 1969, ọdún méjìlá lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìjọba aláwọ̀ funfun fi agbára lé àwọn ará Makuleke kúrò ní Pafuri, ní ìkangun àríwá ọgbà náà, kí ilẹ̀ wọn lè di ara ọgbà. Lẹ́yìn tí ìjọba ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà wó, wọ́n pe ẹjọ́ fún ilẹ̀ wọn, wọ́n sì gbà á padà ní ọdún 1998. Àwọn Makuleke kò kọ́ ilé padà síbẹ̀. Wọ́n pinnu láti fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ẹranko, kí wọ́n sì máa pín nínú owó tí àwọn àlejò ń mú wá. Ohun tí Stevenson-Hamilton gbà gbọ́ ni pé àlejò ni yóò gba ẹranko là. Àwọn Makuleke gba èyí, ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé onílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.